Àsíá Ọjọ́ Kìn-ín-ní Oṣù Kẹwàá

Lẹ́tà tí ẹgbẹ́ onílé wa kọ sí mi kò ju ojú ìwé kan lọ. Wọ́n ní àsíá tí mo so mọ́ irin bákónì lòdì sí òfin ìrísí ilé, wọ́n sì fún mi ní ọjọ́ 10 láti mú un kúrò. Àsíá Nàìjíríà ni. Àárọ̀ ọjọ́ òmìnira ni mo so ó kí àwọn ọmọ lè ya fọ́tò níwájú rẹ̀, ọjọ́ kejì ni mo sì fẹ́ tú u. Lẹ́tà yẹn ló jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko.

Maryland ti Amẹ́ríkà ni mò ń gbé, nínú kóńdò. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ni inú fúláàtì rẹ̀. Òrùlé, àtẹ̀gùn àti ògiri ìta jẹ́ ti gbogbo wa, owó tí à ń dá lóṣooṣù la fi ń tọ́jú wọn. Nítorí náà, ojú ilé kì í ṣe tèmi nìkan, ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n ará ìsàlẹ̀ mi so àsíá Amẹ́ríkà láti ọdún dé ọdún, ó ti ṣá débi pé ó fẹ́ẹ̀ máa jọ aṣọ ìnulẹ̀, ẹnikẹ́ni ò kọ̀wé sí i. Ìgbà tí mo bèèrè ni mo gbọ́ pé òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà láti 2006: ẹgbẹ́ onílé kankan ò lè ka àsíá Amẹ́ríkà léèwọ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́. Tiwa ò sí nínú ẹ̀.

Jakande, Òkè-Afà, ní Ìsọlọ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, nínú àwọn ilé tí Gómìnà Lateef Jakande kọ́ láàárín 1979 sí 1983. Ojú kan náà ni wọ́n ní nígbà tí wọ́n kọ́ wọn. Kí n tó gbọ́njú, ẹnì kan ti kun apá tirẹ̀ ní búlúù, ó dúró gẹ́lẹ́ níbi tí ògiri rẹ̀ parí. Òmíì fi irin dí bákónì pa, ó sọ ọ́ di yàrá. Ìyá Oníbúrẹ́dì já ògiri ìsàlẹ̀, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn kan á ní òmìnira nìyẹn. Ẹ bi ìyá mi. Ará òkè wa na páànù síta, omi òjò rẹ̀ sì ń dà sójú fèrèsé ilé ìdáná wa. Ìyá mi gòkè lọ: "Àgò onílé o. Ẹ jọ̀ọ́ sà, páànù yín yìí ń da omi sọ́bẹ̀ wa." Wọ́n ní àwọn á gé e. Ọdún mẹ́ta la fi ń gbé abọ́ sójú fèrèsé, tó, tó, tó. Ìpàdé àwọn onílé ò rí nǹkan ṣe sí i, alága fúnra rẹ̀ ti na páànù tiẹ̀.

Níbí, ìwé wà. Kí wọ́n tó bu owó ìtanràn lé ẹnikẹ́ni, òfin kóńdò Maryland ní kí wọ́n kọ̀wé sí i, kí wọ́n fún un láyè àtúnṣe, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ti díìṣì tẹlifíṣọ̀n tiẹ̀ ní ìwọ̀n: láti 1996, bí fífẹ̀ rẹ̀ ò bá ju mítà kan lọ, o lè gbé e sí bákónì rẹ, orí òrùlé tí a jọ ni lọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ṣùgbọ́n lórí àsíá àti aṣọ sísá, ohun tí ìwé ilé wa sọ kò ju "ohunkóhun tí kò bójú mu" lọ. Ojú ta ni?

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé lọ sípàdé. Ìyá àgbà tó jẹ́ alága fara balẹ̀ gbọ́ mi, ó ní kí ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ. Mo ti wọn àsíá mi nílé: ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 5. Mo ní kí wọ́n kọ ìwọ̀n yẹn sílẹ̀ fún àsíá orílẹ̀-èdè yòówù, kí onílé sì pààrọ̀ èyíkéyìí tó bá ti ṣá. Ọkùnrin ará El Salvador kan ní òmìnira tiwọn bọ́ sí 15 oṣù kẹsàn-án, ṣé ọjọ́ kan péré ni wọ́n á lè fi so àsíá tiwọn? A jiyàn títí, a fẹnu kò sí ọjọ́ 7.

Lọ́sẹ̀ kejì, àsíá tuntun ti wà nísàlẹ̀. Àdìrẹ mi ṣì ń gbẹ nínú balùwẹ̀ ní tiẹ̀. Wọn ò gbà kí n sá a sí bákónì.