Àtẹ ọ̀nà Èkìtì: àlọ àti àbọ̀ ti di ọ̀kan

Àtẹ tí mò ń ṣe lórí bí ìlú Èkìtì ṣe jìnnà síra ti kúrò lójú kan. Orúkọ ìlú méjì-méjì tí wọ́n ń rìn láàárín wọn ni ẹbí àti ọ̀rẹ́ ń tẹ̀ ránṣẹ́ láti orí fóònù. Èmi ni màá wá fi kìlómítà sí i. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Adó kọ “Adó, Ìkẹ́rẹ́”. Àbúrò wa tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ kọ “Ìkẹ́rẹ́, Adó”. Ọ̀nà kan náà ni, ṣùgbọ́n méjì ni Python, èdè tí mo fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà yìí, kà á sí.

Lóòótọ́, set (àpò tí Python ń kó nǹkan jọ sí) kì í gba ẹ̀dà, àmọ́ tuple (àkójọ tí kò ṣeé yí padà, tí mo fi di orúkọ méjì pọ̀) máa ń wo èwo ló ṣáájú, nítorí náà àwọn méjèèjì á ríbi wọlé. Bó bá jẹ́ list (àkójọ tó ṣeé yí padà) lẹ kó sínú set, TypeError, ìyẹn àṣìṣe tí Python ń kéde, lẹ máa rí. Ti frozenset (set tí kò ṣeé yí padà) dára, kò bìkítà èwo ló ṣáájú. Ohun tí mi ò fi mú un ni pé bí ẹnì kan bá kọ “Adó, Adó” fún ìrìn inú ìgboro, orúkọ kan ṣoṣo ló máa ṣẹ́kù, bẹ́ẹ̀ mo fẹ́ kí gbogbo ìlà ní méjì. Mo kúkú to orúkọ méjèèjì, kí ọ̀kan náà lè máa ṣáájú nígbà gbogbo, kó tó di pé a fi ìlà wéra (atojo ni gbogbo ìlà tí wọ́n fi ránṣẹ́, meji ni ìlà kọ̀ọ̀kan):

ona = list(dict.fromkeys(tuple(sorted(meji)) for meji in atojo))

Mo fẹ́ràn dict.fromkeys, tí òun náà kì í gba ẹ̀dà, torí pé, láti Python 3.7, ìlà tó kọ́kọ́ wọlé ló máa ń wà níwájú. Set kì í ṣèlérí ìyẹn.

Àmì ohùn ni iṣẹ́ wà gan-an. “Ọ̀yẹ́” láti orí fóònù méjì lè rí bákan náà lójú, kí wọ́n má dọ́gba nínú kọ̀ǹpútà: ọ̀kan ka ọ pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ sí ẹyọ kan, èkejì tẹ o lásán, ó wá ń to àmì lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí bí a ṣe lè to ìyẹn kó tún un ṣe. Gbogbo orúkọ ló ń kọ́kọ́ gba inú unicodedata.normalize (irinṣẹ́ Python tó ń sọ ọ̀nà ìkọ lẹ́tà di ọ̀kan) kọjá, NFC, ìlànà tó ń so lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan níbi tó bá ti ṣeé ṣe, ni mo sì yàn. Àwọn kan á ní kí n yọ àmì ohùn dànù kó lè yá. Rárá o, orúkọ ìlú wa ni.

Olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ 16 ni mo fẹ́ kó jọ. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní 15 yòókù, 16 lọ́nà 15 sì jẹ́ 240. Torí pé àlọ àti àbọ̀ jẹ́ ọ̀kan, pín in sí méjì, 120. Yàtọ̀ sí ti inú ìgboro, bí ìlà bá lé ní 120, ẹ̀dà ṣì wà níbì kan.

Owó ọkọ̀ ló kàn. Mi ò ní to orúkọ níbẹ̀, torí owó àlọ lè yàtọ̀ sí ti àbọ̀. Àtẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni màá ṣe fún un.