Ibi Tí Màá Gbé Ni Mò Ń Wá, Kì Í Ṣe Ibi Tí Wọn Ó Sin Mí Sí

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìbéèrè kan náà ni gbogbo èèyàn ń bi mí: "Mọ́mì, ìgbà wo lẹ ń lọ sílé?" Ilé tí wọ́n ń sọ ni Ìmẹ̀sí-Ilé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ìlú bàbá mi. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́ lọ. Lójú wọn, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọgọ́ta ọdún, tí ìjọba ti fún ní lẹ́tà, kí ló tún kù tó ń wá l'Ékòó?

N kò kọ Ìmẹ̀sí-Ilé o. Òkè yí ìlú wa ká, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn tó parí ogun Kírìjì ní 1886. Nọ́ọ̀sì bíi tèmi tún ní ohun mìíràn tó lè fi yangàn. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, dókítà òyìnbó kan tó ń jẹ́ David Morley, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà, dá kílíníìkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní ìlú wa. Káàdì tí ìyá ọmọ máa ń mú relé, tí a fi ń fa ìlà bí ọmọ ṣe ń tẹ̀wọ̀n sí i, iṣẹ́ tó ṣe ní Ìmẹ̀sí-Ilé ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń lò. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń wọn ọmọ l'Ékòó, mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké tó wà lábẹ́ mi. Wọ́n á ní, "Mà, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀."

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ló jẹ́ kí ojú tí mo fi ń wo ìlú yàtọ̀. Ẹlòmíràn á dé ìlú, á máa wo ilé tó rẹwà. Èmi á máa rò ó pé bí rọpárọsẹ̀ bá kọ lu èèyàn láago méjì òru níbí, ta ni yóò gbọ́? Mọ́tò ta ni wọn ó fi gbé e? Oògùn kan wà tó ń tú ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ọpọlọ, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí mẹ́rin àbọ̀ tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti fún aláìsàn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya fọ́tò ọpọlọ rẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe pé iṣan ló bẹ́. Ẹ wá ṣírò ẹ̀ láti ìlú àárín òkè, lóru, nígbà òjò.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí a jọ ṣe nọ́ọ̀sì. Gbogbo owó gọbọi tí wọ́n san fún un nígbà tó fẹ̀yìn tì ló kó lé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní ìlú bàbá rẹ̀. Yàrá mẹ́fà, táìlì láti ìsàlẹ̀ dé òkè, géètì tí wọ́n ya orí kìnnìún sí. Kò gbébẹ̀ pẹ́. Orúnkún rẹ̀ ò gbà á kó máa gun àtẹ̀gùn, owó tí yóò sì fi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lóṣooṣù ti bá sìmẹ́ńtì lọ. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìkòròdú ló wà báyìí. Ewúrẹ́ ló ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà. Ìgbà tí wọ́n bá ń ṣe òkú tàbí ọdún Kérésì nìkan ni wọ́n ń ṣí i.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ kún ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ bá mi wò wọ́n dáadáa nígbà mìíràn tí ẹ bá ń kọjá. Pálọ̀ wọn gba ọgọ́rùn-ún èèyàn, ilé ìdáná wọn kò sì ní fèrèsé gidi. Àwọn tó ń bọ̀ wá jẹun níbi òkú wa la kọ́ wọn fún. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún àwọn ọmọ mi pé ọ̀rọ̀ méjì ni, kí wọ́n má pa á pọ̀. Ìmẹ̀sí-Ilé ni kí wọ́n sin mí sí, ẹ̀gbẹ́ màmá mi. Ibi tí màá máa jẹun, tí màá máa wẹ̀, tí màá máa gba oògùn títí ọjọ́ náà yóò fi dé, ìyẹn là ń wá.

Àkọ́bí mi tó wà ní Manchester ní òun ti mọ ibẹ̀: ọ̀dọ̀ òun ni. Mo ti lọ kí i rí nígbà òtútù. Ilé rẹ̀ dára, ìyàwó rẹ̀ kò ṣe mí ní nǹkan kan, Ọlọ́run bù kún un. Ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn bá ti jáde láàárọ̀, èmi àti fèrèsé ni. Yàtọ̀ sí èyí, òfin tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún ní 2012 ti mú un le gidi kí ọmọ tó lè mú òbí rẹ̀ wá máa gbé. Àfi kí òbí náà ti di ẹni tí kò lè dá wẹ̀, tí kò lè dá wọṣọ, kó sì jẹ́ pé kò sí ọ̀nà kankan tí wọ́n lè gbà tọ́jú rẹ̀ nílé, kódà bí ọmọ bá ń fi owó ránṣẹ́. Mo bi ọmọ mi pé ṣé kí n wá máa fi ààwẹ̀ gbàdúrà fún àìsàn kí n lè rí físà ni? Ó rẹ́rìn-ín, kò tún mẹ́nu bà á mọ́.

Kí n dúró l'Ékòó ńkọ́? Ìpájà tí mò ń gbé, òkè kejì ni, owó ilé sì ń lọ sókè lọ́dọọdún. Ẹ má jẹ́ ká fi ìyẹn gba àkókò.

Ìbàdàn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà mí lọ́kàn. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó wà ní UCH, ọsibítù ńlá ìjọba ibẹ̀, láti 2012, èmi nọ́ọ̀sì sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: dókítà tó mọ̀ pé oògùn oríṣi méje tí Màmá ń lò lè máa bá ara wọn jà. Rélùwéè tuntun sì ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn láti 2021, tí ń gbéni dé Mọ́níyà láìsí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ojú ọ̀nà márosẹ̀. Mo wo ilé ní ibi púpọ̀. Èyí tó wù mí jù, mo rí ìlà omi lára ògiri ilé kejì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ga tó itan mi. Ẹni tó ń mú mi kiri ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ní Ìbàdàn! Ìlú tí omíyalé Ògùnpa ọdún 1980 ṣẹlẹ̀, tí ti 2011 tún tẹ̀ lé e! Mo kí i pé ó ṣeun, mo bọ́ sínú mọ́tò. Kì í kúkú ṣe omi nìkan ló lé mi. Ní Ìbàdàn, n kò ní ẹni tí màá pè ní bùọ̀dá láì jẹ́ pé mo fi bu iyì fún un lásán.

Iléṣà ni mo wá mú. Ó ya gbogbo wọn lẹ́nu. Kì í ṣe Èkó, kì í ṣe ilé bàbá mi, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ilé débi pé mo lè lọ sí ìpàdé ẹbí láàárọ̀ kí n sì sùn sórí ibùsùn mi lálẹ́. Wesley Guild tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ṣì wà níbẹ̀, abẹ́ ọsibítù ìkọ́ni ti Yunifásítì Ifẹ̀ ló wà báyìí. Tí mo bá sì dé ọjà Àtàkúnmọ́sà, bí mo bá ti la ẹnu, ìyá oníṣu á mọ̀ pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, á dín owó kù, tàbí kó díbọ́n pé òun dín in. Bàbá mi ṣe òṣómàáló, ó gbé aṣọ tà láwìn kiri títí dé ìlú tí n kò mọ̀, ó sì máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí onítọ̀hún yóò fi sanwó. Èmi ọmọ rẹ̀ mọ ìgbà tí wọ́n bá ń fi owó ṣeré sí mi.

Ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n mú mi lọ wò ní Iléṣà, ìsàlẹ̀ ni, ọ̀dà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ. Ìyá onílé fúnra wọn ló mú mi wọlé. Nígbà tí a dé ilé ìwẹ̀, mo mú tẹ́ẹ̀pù jáde nínú báàgì mi, mo fi wọn ẹnu ọ̀nà.

Ìyá ní, "Ṣé àga lẹ fẹ́ gbé wọlé ni, Ìyá Nọ́ọ̀sì?"

Mo ní, "Rárá mà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá kẹ̀kẹ́ aláìsàn lè gba ibẹ̀ ni."

Wọ́n yíka ọwọ́ lórí, wọ́n ta ìka. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹ ò ní fi lò ó!"

Mo ní, "Àmín mà. Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀."

Ínṣì 24 ni. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tí àgbàlagbà ń jókòó lé kò lè gba ibẹ̀, àfi kí wọ́n máa gbé aláìsàn bí àpò gàrí. Táìlì tí wọ́n sì fi sí ilẹ̀ ibẹ̀, èyí tó ń dán bíi dígí, tí omi bá kàn án, òrúnkún tàbí ìbàdí ni yóò gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń kọ́lé lọ́wọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ ra táìlì tó rí ṣákáṣàka fún ilé ìwẹ̀, kí ẹ sì ní kí wẹ́dà jó irin ìdìmú kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìjókòó. Irin ìdìmú kò náni tó orí kìnnìún.

Ilé tí mo gbà lẹ́yìn èyí kò rẹwà tó ti Ìyá, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀, kò sì ní àtẹ̀gùn kankan. Kí n tó san kọ́bọ̀, mo gbé omi kànga ibẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Góòlù wà nínú ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ìyẹn kì í ṣe ìròyìn, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wa góòlù ní àwọn ibi bíi Ìtagùnmọ́dì ti gbẹ́ ilẹ̀ débi pé odò pọ́n bí ẹrẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé agbègbè yìí kó bèèrè omi kó tó bèèrè iná. Ẹ tún béèrè bóyá ìwé adójútòfò ìlera tí ẹ ń lò ní ìpínlẹ̀ tí ẹ wà yóò ṣiṣẹ́ ní ibi tí ẹ ń lọ. Ọ̀pọ̀ wa kì í bèèrè, àfi ìgbà tí wọ́n bá ti gbé èèyàn dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù.

Mo ní mo gba ilé, n kò ní mo kọ́ ọ. Ohun tó bí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nínú nìyẹn. Wọ́n pè mí lóru: "Ọmọ Ìmẹ̀sí, tí bàbá rẹ̀ ní ilé, ló wá ń sanwó ilé ní Iléṣà? Kí ni àwọn èèyàn á máa wí?"

Mo ní, "Bùọ̀dá, wọ́n á ní mo ṣì wà láyé."

Wọ́n gé fóònù mọ́ mi létí. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, mo fi owó páànù ránṣẹ́ fún ẹ̀yìn ilé bàbá wa tó ti ń jò, wọ́n sì ní kí n wá mú yàrá méjì níbẹ̀ fún ìgbà ọdún. Ọ̀rọ̀ ti tán láàárín wa.

Èrò mi lórí ilé kíkọ́ kò lè yí padà: ẹ kọ́kọ́ gbé ìlú náà bí ayálégbé. Ẹ rí òjò rẹ̀, ẹ rí ọyẹ́ rẹ̀, ẹ ṣàìsàn níbẹ̀ kí ẹ wo ẹni tí yóò wá kí yín, kí ẹ tó ra búlọ́ọ̀kù kan. Owó tí n kò kó lé ilẹ̀ wà ní báńkì, òun náà ni mo fi ń ra oògùn mi.

Ẹrù mi kò tíì kúrò ní Ìpájà tán. Ọmọ mi obìnrin ní kí n ta fìrísà ńlá yẹn, pé iná ibi tí mò ń lọ kò lè gbé e, èmi ní tí mo bá tà á, níbo ni màá kó ẹran òkété tí àwọn ará oko ń tà lójú ọ̀nà sí? A ń bá a fà á lọ́wọ́.