Ọwọ́ ọba àti owó góòlù tí wọ́n ń so sọ́rùn

Ẹni tó bá rò pé àwọn òyìnbó ò so oǹdè rí, kó wá gbọ́ o. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹni tí kókó bá wú sí lọ́rùn, ọ̀dọ̀ ọba ni wọ́n ń gbé e lọ kí ọba fọwọ́ kàn án, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á wá fi owó góòlù tí wọ́n lu ihò sí kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n gbà pé ìyẹn náà wà lára ìwòsàn. Charles Kejì, ọba Gẹ̀ẹ́sì, nìkan fọwọ́ kan èèyàn tó ju 90,000 lọ!

Èyí tó dùn mí jù ni ti Samuel Johnson, ẹni tó padà ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1712 ìyá ẹ̀ gbé e lọ bá Ọbabìnrin Anne, ọmọ náà ò tíì pé ọdún mẹ́ta, owó yẹn sì wà lọ́rùn ẹ̀ títí tó fi dàgbà, àmọ́ àìsàn náà ò gbọ́, àpá ẹ̀ ò kúrò lára ẹ̀ títí tó fi kú.

Kí ló wá dé táwọn èèyàn fi gbà á gbọ́? Kòkòrò ikọ́ ife ló ń fa wíwú yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì lè fúnra ẹ̀ lọ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, tó bá ti lọ sílẹ̀ báyìí, ọba ló gbayì. George Kìíní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gorí ìtẹ́ ní 1714, kò fọwọ́ kan aláìsàn mọ́. Charles Kẹwàá ti Faransé ṣì tún ṣe é ní 1825, kó tó di pé Robert Koch, dókítà ará Jámánì, fi kòkòrò ikọ́ ife náà han aráyé ní 1882.