Àdàkọ Kékeré Ni Ó Ń Jẹ Àkókò: Ohun Tí Mo Rí Nígbà Tí Mo Kọ memcpy Tèmi

Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ memcpy tèmi, ìyẹn function (apá ètò tí a ń pè láti ṣe iṣẹ́ kan) tí ń da ohun kọ nínú mẹ́mórì, méjì nínú rẹ̀ ni mo sì lò sórí ibi tí kò yẹ. Ètò kọ̀ǹpútà kan tí mo ń tọ́jú máa ń ka àkọsílẹ̀ púpọ̀, ó máa ń tò wọ́n, ó sì máa ń kó wọn láti ibì kan lọ sí ibòmíràn nínú mẹ́mórì. Nígbà tí mo fi perf, irinṣẹ́ tí ń fi ibi tí ètò ń ná àkókò sí hàn, wò ó lórí Linux, memcpy ni ó wà lókè pátápátá nínú àwọn ohun tí ń jẹ àkókò. Iṣẹ́ function yìí kò ju kí a fún un ní àdírẹ́sì méjì àti iye báìtì, kí ó sì kó báìtì wọ̀nyẹn láti inú èkíní sínú èkejì. Lójú mi nígbà náà, ẹrù kíkó lásán ni, ẹni tí ó bá sì ń ru ẹrù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ni yóò kọ́kọ́ parí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi sáré lọ bá àwọn register tí ó fẹ̀, ìyẹn àwọn àyè kékeré inú CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tí ó ń di ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ lé lórí mú. Register SSE ń gba báìtì 16, ti AVX ń gba 32, ti AVX-512 sì ń gba 64. Mo lo AVX, mo to kíkà mẹ́rin àti kíkọ mẹ́rin sínú loop kan (àwọn àṣẹ tí ń tún ara wọn ṣe), tí ó fi jẹ́ pé báìtì 128 ni ó ń kó nígbàkígbà tí ó bá yí po. Mo fi kó mẹ́gábáìtì kan ní ìgbà 10,000 láti dán an wò, ó sì fi díẹ̀ yá ju èyí tí ó wà nínú glibc, àkójọ function èdè C tí Linux sábà máa ń lò, lọ. Inú mi dùn gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi í sínú ètò náà fúnra rẹ̀, ètò náà falẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ohun tí ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe ni mo wá ṣe gbẹ̀yìn: mo fi òǹkà sí ẹnu ọ̀nà function náà, kí ó máa kọ iye báìtì tí a ń béèrè sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá pè é. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò tó báìtì 32. Àmì ìdánimọ̀ báìtì 16 ni, orúkọ kúkúrú ni, àkọsílẹ̀ báìtì 13 tàbí 27 ni. Loop báìtì 128 tí mo fi yangàn kò kan irú wọn rárá. Kí wọ́n tó dé ibi tí a ti máa dá wọn lóhùn, wọ́n ní láti la ìbéèrè kọjá: ṣé iye yìí tó 128? Ṣé ó tó 64? Ṣé ó tó 32? Lẹ́yìn náà ni wọ́n yóò bọ́ sínú loop kékeré kan tí ń kó àṣẹ́kù ní báìtì kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyẹn gan-an ni ó ń ná wa ní àkókò. CPU òde òní kì í dúró de ìdáhùn. Ó máa ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ọ̀nà tí ètò yóò gbà, ó sì máa ń bá iṣẹ́ lọ ní ọ̀nà náà. Bí àsọtẹ́lẹ̀ bá kùnà, gbogbo ohun tí ó ti ṣe ni yóò dà nù, yóò sì padà sí oríta, aago inú rẹ̀ yóò sì ti lù ní nǹkan bí ìgbà 15 sí 20 kí ó tó kọ́fẹ padà. Haswell ti Intel, tí ó jáde ní ọdún 2013, lè ka báìtì 64 láti inú cache L1 (mẹ́mórì kékeré tí ó yá, tí ó sún mọ́ CPU jù lọ) kí ó sì kọ báìtì 32 sínú rẹ̀ bí aago bá lù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà, láàárín ìgbà tí àsọtẹ́lẹ̀ kan ń kùnà, à bá ti kó báìtì tí ó ju 400 lọ. Báìtì 13 ni èmi ń fi gbogbo àkókò yẹn kó.

Ìdánwò mi kò fi èyí hàn nítorí pé iye kan náà ni mo ń béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ti kọ́ CPU ní ìdáhùn kí n tó bi í ní ìbéèrè. Nínú ètò gidi, 27 lè tẹ̀lé 13, kí 5 tẹ̀lé 16, àsọtẹ́lẹ̀ kò sì ní ohun tí yóò dì mú. Láti ìgbà náà, n kì í fọkàn tán àtẹ ìfiwéra memcpy kankan tí kò bá sọ bí iye báìtì ṣe ń yí padà láti ìpè kan sí èkejì.

Ọgbọ́n tí ó tún un ṣe ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń kọ glibc, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké. Ká sọ pé báìtì 13 ni a fẹ́ kó. Dípò kí a kó 8, kí a kó 4, kí a sì tún kó 1, a ó ka báìtì 8 àkọ́kọ́ sínú register kan, a ó sì ka báìtì 8 tí ó kẹ́yìn, ìyẹn láti orí ìkẹfà dé ìkẹtàlá, sínú òmíràn. A ó wá kọ méjèèjì sí àyè wọn. Báìtì mẹ́ta ni a ó kọ lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni a kọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì, nítorí náà kò ba nǹkan kan jẹ́. Kò sí loop, kò sí àṣẹ́kù, ìlànà kan yìí sì tó fún gbogbo iye láti 8 dé 16. Register báìtì 16 méjì yóò ṣe bákan náà láti 16 dé 32. Mẹ́rin, méjì láti iwájú àti méjì láti ẹ̀yìn, yóò ṣe é dé 64. Fún báìtì 1 sí 3, a ó kó ti àkọ́kọ́, ti àárín àti ti ìkẹyìn, ì báà tilẹ̀ jẹ́ báìtì kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Báyìí ni 9 àti 15 ṣe ń rin ọ̀nà kan náà, tí ohun tí CPU ní láti sọ tẹ́lẹ̀ fi dín kù.

Bí a bá ka gbogbo rẹ̀ tán kí a tó kọ ẹyọ kan sílẹ̀, kò sí ewu kankan bí ibi tí a ti ń kó o bá wọnú ibi tí a ń kó o lọ. Ìyẹn ni iṣẹ́ memmove, òfin èdè C kò sì fún memcpy ní irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2010, memcpy tuntun kan nínú glibc bẹ̀rẹ̀ sí í kó báìtì láti ẹ̀yìn wá sí iwájú lórí àwọn CPU kan, ohùn Flash (ètò tí a fi ń wo fídíò lórí wẹ́ẹ̀bù nígbà náà) sì dàrú lórí Fedora (ẹ̀yà Linux kan), nítorí pé ó ti ń fi memcpy ṣe iṣẹ́ memmove láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tí ó kọ Flash ni ó rú òfin, ṣùgbọ́n àánú ẹni tí ó ń lò ó ni ó ṣe mí. Lóde òní, kóòdù kan náà ni memcpy àti memmove ń lò nínú glibc fún x86-64, mo sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí.

Àdàkọ ńlá ní ìṣòro tirẹ̀. Kí CPU tó kọ nǹkan sí ibi tí kò sí nínú cache, ó sábà máa ń kọ́kọ́ ka ìlà cache náà, tí ó jẹ́ báìtì 64, wọlé láti inú mẹ́mórì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti pinnu láti pa gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ rẹ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni báìtì ń kọjá lójú ọ̀nà mẹ́mórì fún àdàkọ kan. Àwọn àṣẹ bíi movntdq ń kọ ọ́ tààrà láì kà á wọlé, sfence, àṣẹ tí ń mú kí kíkọ wọn hàn ṣáájú kíkọ tí ó kàn, sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé wọn. Wọ́n wúlò nígbà tí ohun tí a ń kó bá ju cache lọ. Bí a bá fẹ́ lo ohun tí a kó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n á dá wa padà sínú mẹ́mórì tí ó jìnnà.

Ní ti rep movsb, àṣẹ kan ṣoṣo tí ó ti wà láti ìgbà 8086, CPU Intel àtijọ́, Intel mú un yá fún àdàkọ gígùn láti orí Ivy Bridge ní ọdún 2012, ó sì tún ti kúkúrú ṣe láti orí Ice Lake. Arm, ilé iṣẹ́ mìíràn tí ń ṣe àgbékalẹ̀ CPU, náà ti fi àwọn àṣẹ CPYP, CPYM àti CPYE sínú Armv8.8. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí, nítorí pé ẹni tí ó kọ́ CPU mọ inú rẹ̀ jù mí lọ.

Mo ti yọ loop AVX mi kúrò. Níbi tí iye báìtì kì í ti í yí padà, bí àmì ìdánimọ̀ báìtì 16 yẹn, mo kọ 16 síbẹ̀ ní tààrà, compiler (ètò tí ń sọ kóòdù di èdè CPU) sì sọ gbogbo ìpè náà di kíkà kan àti kíkọ kan. Ìdánwò mi náà ti yí padà: àkọsílẹ̀ iye báìtì tí òǹkà mi gbà láti inú ètò náà gan-an ni ó ń tẹ̀ lé, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra. Nígbà tí mo tún fi perf wò ó, memcpy kò sí lókè mọ́. Títo àkọsílẹ̀ ni ó gba àyè rẹ̀.