Kẹ̀kẹ́ yùríà mi: ibi tí iṣẹ́ dé báyìí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bi mí pé kí ni mò ń kó irin kẹ̀kẹ́ àti kẹ́ẹ̀gì jọ sẹ́yìnkùlé fún, iṣẹ́ náà ti rìn o, ó rìn ní ti gidi pàápàá torí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ló wà nídìí ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan ni, ó ń gbé kẹ́ẹ̀gì yùríà (ajílẹ̀ òyìnbó) tí mo ti pò mọ́ omi, ó sì ń dà á sídìí àgbàdo. Ẹ jẹ́ n kọ gbogbo ẹ̀ síbí kí n tó gbàgbé ìwọ̀n tí mo lò.

Ilẹ̀ tí mò ń sọ yìí, ẹ̀yìn ilé wa ní apá Àrówómọ́lẹ̀ ni, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, kì í ṣe oko ńlá, ibi tí mo ti ń gbàgbé ariwo àwọn ọmọ iléèwé ni. Àgbàdo ló pọ̀ jù níbẹ̀, ata rodo díẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ilẹ̀ oníyanrìn ni, òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú ẹ̀, òjò kan ṣoṣo tó bá le díẹ̀, ó ti fọ oúnjẹ inú ilẹ̀ lọ síbi tí gbòǹgbò ò lè dé. Ìdí tí n ò fi fẹ́ da ajílẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà kí n máa lọ nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni mo fẹ́ máa fún un, kó sì jẹ́ olómi, pàápàá bí òjò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ṣe máa ń rọ̀ lónìí tá á wá dá wáí fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní kí ló dé tí n ò lo pọ́ǹpù ẹ̀yìn, èyí oní lítà 16 tí gbogbo ayé fi ń fín oògùn. Pọ́ǹpù tó wà nílé wa, oògùn koríko ni wọ́n ń fi í fín, ẹ fọ̀ ọ́ títí, ẹ ò lè búra fún un, ìwọ̀nba tó bá kù sínú ẹ̀ tó láti pa àgbàdo lára. Ẹnu ẹ̀ tún tín-ín-rín, orí ewé ló máa ń fọ́n nǹkan sí, yùríà tó bá sì le tó èyí tí mò ń lò yìí, tó bá bà lé ewé tí oòrùn ràn án, etí ewé á jó gbẹ ni. Ìdí igi ni mo fẹ́ kó lọ ní tèmi.

Ìṣirò ẹ̀ rèé. Mo gbin àgbàdo mi ní 75 cm sí 25 cm, ẹyọ kọ̀ọ̀kan níhò kan, tó bá jẹ́ hẹ́kítà kan ni, igi bíi 53,000 ló máa gbà. Ká ní èèyàn fẹ́ fún hẹ́kítà yẹn ní 60 kg náítírójìn (oúnjẹ tó ń mú ewé tutù), nínú 100 kg yùríà náítírójìn jẹ́ 46, ó já sí yùríà bíi 130 kg, ẹ wá pín in kárí igi, ẹyọ kan ò gbà tó gíráàmù 2.5. Ẹ ò rí i bó ṣe kéré! Ẹni tó ń fi ìdérí ìgò bù ú káàkiri, bó ṣe ń rẹ̀ ẹ́ ni ìdérí ń kún sí i tàbí kó máa fà sẹ́yìn, mo mọ ohun tí mò ń sọ torí wọ́n ti fi mí ṣe é nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Èmi wá po kílò kan mọ́ omi lítà 20. Igi kan á gba 50 ml, kẹ́ẹ̀gì kan á sì kárí igi 400, ìyẹn ìlà 100 mítà. Ìlà tèmi 20 mítà ni, torí náà ìlà márùn-ún fún kẹ́ẹ̀gì kan.

Pípò ẹ̀ gan-an, mi ò kì í dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tààrà. Mo máa ń kọ́kọ́ fi omi lítà 2 yọ́ ọ nínú báàkẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò kẹ́ ẹ fọwọ́ kan ara báàkẹ́ẹ̀tì yẹn. Omi tó ti wà nínú oòrùn látàárọ̀, bí yùríà ṣe ń yọ́ ló máa ń fa ooru inú ẹ̀ mu, kó tó pẹ́, omi á ti tutù nini, báàkẹ́ẹ̀tì á máa làágùn níta. Àwọn ìbejì mi fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn ju gbogbo iṣẹ́ tó kù lọ, àfi kí n máa lé wọn kí wọ́n má kira bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn tó bá yọ́ tán ni màá wá sẹ́ ẹ sínú kẹ́ẹ̀gì, màá fi omi kún un dé lítà 20. NPK 15-15-15, ajílẹ̀ alápòpọ̀ yẹn, ò bá irú iṣẹ́ yìí mu o, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló máa ń fi sílẹ̀ nísàlẹ̀, á sì dí ẹnu rọ́bà.

Kẹ̀kẹ́ náà ńkọ́? Bárò fẹ̀ jù, ọmọlanke ẹ má wulẹ̀ dárúkọ ẹ̀, 75 cm ni àárín ìlà méjì, tí àgbàdo bá sì ti dé orúnkún ewé ti ń nawọ́ síra wọn. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló lè gba ibẹ̀ kọjá. Mo ra ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ àlòkù pẹ̀lú fọ́ọ̀kì ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ra irin kiri, mo gbé e lọ bá wẹ́dà ní Sábó.

"Màdáàmù, kẹ̀kẹ́ wo rèé tí ò ní ìjókòó?"

"Kẹ́ẹ̀gì ló máa jókòó."

Ó wò mí, ó wo irin. "Ẹ jẹ́ n kúkú ṣe é kó le dáadáa, torí kẹ́ẹ̀gì ò mọ jókòó jẹ́jẹ́." Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn ṣẹ, omi lítà 20 tó ń mì lórí ẹsẹ̀ kan, apá èèyàn ló máa sọ. Ó fi etí irin yí ibi tí kẹ́ẹ̀gì máa jókòó ká, ó jó ọwọ́ méjì mọ́ ọn, ó sì tún fi ẹsẹ̀ ìdúró sí i bíi ti ọ̀kadà láìjẹ́ pé mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn táyà, a jó irin ródì kan tí a tẹ̀ lẹ́nu mọ́ ọn, òun ló ń la ilẹ̀ níwájú, jíjìn ẹ̀ tó oríkèé ìka méjì, ó sì fi bíi 15 cm jìnnà sí ìdí àgbàdo. Rọ́bà ń da omi sínú ojú ilà yẹn, ẹ̀wọ̀n kúkurú kan sì ń wọ́ tẹ̀ lé e, ó ń fa yẹ̀pẹ̀ bò ó. Ẹ má fojú kéré ẹ̀wọ̀n yẹn o. Yùríà tí ẹ bá fi sílẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbóná, á di amóníà, á bá afẹ́fẹ́ lọ, owó yín ló ń fò lọ yẹn.

Ní ti kẹ́ẹ̀gì, kẹ́ẹ̀gì òróró lítà 25 aláwọ̀ yẹ́lò ni, mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ọ̀rá inú ẹ̀ kúrò. Ìṣó gbígbóná ni mo fi lu ìsàlẹ̀ ẹ̀, mo fẹ ihò náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi gba ẹnu páìpù, mo fi rọ́bà tíúbù ọ̀kadà gé wáṣà sí inú àti ìta, téèpù funfun táwọn púlọ́ńbà máa ń lò, táàpù, rọ́bà, ó parí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Kó má jò kò ṣòro rárá. Bó ṣe máa dà bákan náà láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìkarùn-ún ni wàhálà. Mo gbé ike omi 75cl sẹ́nu rọ́bà, mo fi fóònù ka àsìkò. Tí kẹ́ẹ̀gì bá kún, ike á kún ní ìṣẹ́jú àáyá 15. Tó bá ti ń lọ sílẹ̀, á di 17, á di 19, nígbà tó fi máa kù díẹ̀ kó tán ó ti di 23. Bí omi inú kẹ́ẹ̀gì ṣe ń wálẹ̀ ni agbára tó fi ń ti ara ẹ̀ jáde ń dín kù. Ìlà àkọ́kọ́ á yó, ti ìkarùn-ún á máa wojú mi. Ṣé kí n máa yí táàpù bí mo ṣe ń lọ ni, kí n fi ọwọ́ kan ti kẹ̀kẹ́?

Ọmọ LAUTECH kan, yunifásítì ìlú wa níbí, tó háyà yàrá nílé wa ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń wò mí bí mo ṣe ń gbé ike sókè sódò.

"Mọ́mì, ẹ fi táàpù sílẹ̀ jàre. Ẹ dínà mọ́ afẹ́fẹ́."

Mo ní báwo. Ó ní kí n ti ìdérí kẹ́ẹ̀gì pa pátápátá kí atẹ́gùn má lè gbabẹ̀, kí n wá ki páìpù tín-ín-rín kan gba àárín ìdérí náà wọlé, kó gùn títí tó fi máa ku bíi 5 cm kó kan ìdí kẹ́ẹ̀gì. Ibẹ̀ nìkan ni afẹ́fẹ́ máa rí gbà wọlé. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí omi tó wà lókè pọ̀ tó, ẹnu páìpù yẹn ló ń pinnu agbára tí omi fi ń jáde, ìyẹn ò sì kúrò lójú kan. Ó ní ará Faransé kan tó ń jẹ́ Mariotte, tó kú lọ́dún 1684, lorúkọ ẹ̀ wà lára ọgbọ́n yìí. Ẹ wo ọgbọ́n ayé ìgbà yẹn nínú kẹ́ẹ̀gì òróró!

Páìpù tí wọ́n ń fi wáyà iná gbà nínú ògiri ni mo lò, mo fi gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí, mo gé rọ́bà tíúbù sábẹ́ ìdérí kó lè dì pinpin. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí táàpù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kẹ́ẹ̀gì wọnú díẹ̀, mo ní ó ti ṣẹlẹ̀, àfi bó ṣe dákẹ́ síbẹ̀ tí inú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún gulu, gulu, gulu. Afẹ́fẹ́ ló ń wọlé yẹn. Omi tó ń dà kò yá tó tàtẹ̀yìnwá, mo bá fẹ táàpù sí i títí ike fi padà sí ìṣẹ́jú àáyá 15. Kẹ́ẹ̀gì kún, 15. Kẹ́ẹ̀gì dé ìdajì, 15. Ó kù díẹ̀, 15. Tí ariwo gulugulu bá ti dákẹ́, omi ti wálẹ̀ ju ẹnu páìpù lọ nìyẹn, ẹ dúró kẹ́ ẹ rọ òmíràn sí i. N ò tiẹ̀ wo inú ẹ̀ mọ́, etí ni mo fi ń ṣiṣẹ́.

Ó wá ku ìrìn. Ìṣẹ́jú àáyá 80 ló yẹ kí n fi rin ìlà kan, ó sì máa ń ṣe èèyàn bíi kó sáré. Orin kan wà nínú ìwé orin àwa Onítẹ̀bọmi tí ẹsẹ kan àti ègbè ẹ̀ gbà mí ní ìlà kan gééré tí mo bá kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ níṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe báwọn ọ̀dọ́ ṣe ń sáré kọ ọ́. Òun ni aago mi.

Mo fi ìlà méjì sílẹ̀ láìfún wọn ní nǹkan kan, kí n lè rí ìyàtọ̀. Ewé ìsàlẹ̀ wọn ti ń pọ́n báyìí, láti ṣóńṣó ewé ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á wá máa gba àárín ewé bọ̀ sídìí, etí méjèèjì á ṣì tutù, bí náítírójìn ṣe máa ń tán lára àgbàdo nìyẹn. Àwọn tó kù dúdú mínrín. N ò tíì ní sọ pé ó so dáadáa, ó di ìgbà tí a bá ṣẹ́ ẹ.

Ata rodo ń jẹ tiẹ̀ lọ́tọ̀, omi ìgbẹ́ adìyẹ tí mo rẹ sínú dúrọ́ọ̀mù tí mo sì fi asẹ́ ògì tó ti ya sẹ́ (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má padà fi sẹ́ ògì), rọ́bà dírípù tuntun látọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì ni mo fi ń kán an sídìí ẹ̀. Mo ti dá a dúró látìgbà tó ti yọ òdòdó, n ò fẹ́ kí nǹkan inú ìgbẹ́ ta sí ohun tá a máa jẹ.

Ẹ fi omi lásán ṣan gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ bá ṣe tán o, irin pàápàá. Yùríà máa ń fa omi mọ́ra, ìpẹtà ò sì ní pẹ́ dé.

Bàbá tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa wá wò ó lálẹ́ ọjọ́ kan. "Ìyá Ìbejì, nǹkan yìí dáa o. Ṣé ó lè gun ebè?"

"Kò lè gun ebè, Bàbá."

"Hẹn, ebè ni tèmi."

Ohun tó wà lọ́wọ́ mi nìyẹn báyìí. Orí ebè, omi ò gbọ́dọ̀ máa dà lọ, ìwọ̀n kan ló gbọ́dọ̀ já sórí ebè kan kó sì dúró. Mo ní táàpù méjì, mo fi páìpù ínṣì kan sáàárín wọn, gígùn tó bíi 10 cm á gba 50 ml, igi méjì lórí ebè á fẹ́ 20 cm. Ṣí tòkè kó kún, tì í, ṣí tìsàlẹ̀. Àmọ́ tòkè bá ti tì, èyí tó wà nínú páìpù kì í fẹ́ jáde tán, ó ń fà, ó ń kán, torí afẹ́fẹ́ náà ni ò rọ́nà wọlé. Ọmọ LAUTECH ní ká fi rọ́bà dírípù há a lára, ká fa ẹnu ẹ̀ sókè ju kẹ́ẹ̀gì lọ. Mo ti ra rọ́bà náà, gọ́ọ̀mù ló kù kó gbẹ.