Ata ló ń yan wáìnì, kì í ṣe ẹran

Sátidé, oṣù Keje, London.

Oòrùn mú lónìí. Kí ọ̀sán tó pọ́n, èéfín èédú ti ń rú láti ẹ̀yìnkùlé káàkiri àdúgbò. Nínú oṣù yìí, oòrùn kì í wọ̀ níbí títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ìyẹn ni pé kò sí ohun tó ń lé ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ìkánjú ló ń ba ẹran jẹ́ jù: èédú tí kò tíì funfun, ẹran tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀, wáìnì pupa tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ lórí tábìlì. Gbogbo rẹ̀ ló ṣeé yanjú nínú ilé ìdáná kí ẹnikẹ́ni tó ṣáná.

Súyà ni ká kọ́kọ́ mú. Fún kílò kan ẹran màlúù, ẹ ra apá tí àwọn alápatà ibí ń pè ní topside. Ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀, iṣan rẹ̀ sì kọjú sí ọ̀nà kan náà. Ẹ gbé e sínú fíríísà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Kì í ṣe kó di yìnyín o, kó kàn le díẹ̀ ni, kí ọ̀bẹ lè gé e pẹlẹbẹ, kó má nípọn ju mílímítà 4 lọ. Ẹ dábùú iṣan gé e. Bí ọ̀bẹ bá bá iṣan lọ, eyín ni yóò jìyà rẹ̀.

Yájì rẹ̀ nìyí: kúlíkúlí lílọ̀ gíráàmù 100, atalẹ̀ gbígbẹ ṣíbí tíì méjì, ata gígún ṣíbí tíì méjì, ááyù àti àlùbọ́sà gbígbẹ lílọ̀ ṣíbí tíì kọ̀ọ̀kan, iyọ̀ gíráàmù 10. Ẹni tó bá fẹ́ fi Maggi sí i, kó dín iyọ̀ kù, torí iyọ̀ náà ló pọ̀ jù nínú Maggi. Ẹni tí kò rí kúlíkúlí rà lè yan ẹ̀pà, kó lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kó wé e mọ́ aṣọ mímọ́, kó sì fún òróró rẹ̀ jáde dáadáa. Bí òróró bá ṣẹ́kù púpọ̀, ẹ̀pà náà yóò lẹ̀ pọ̀, kò ní í ṣeé wọ́n.

Ẹ̀pà tètè ń jó, bó bá sì ti jó, ó korò. Nítorí náà, ẹ pín yájì sí abọ́ méjì kí ọwọ́ tó kan ẹran tútù. Ẹ po ti abọ́ kìíní mọ́ òróró ẹ̀pà ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, kí ẹ fi ra ẹran lára, kó wà nínú fíríìjì fún wákàtí kan. Abọ́ kejì ń dúró de ìgbà tí ẹran bá kúrò lórí iná, ìgbà yẹn la ó tó wọ́n ọn. Nígbà tí súyà inú ilé bá korò, ata kọ́ ni ẹ ó dá lẹ́bi, yájì tó jó ni. Igi tí a fi gún un, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ìṣẹ́jú 30, ṣùgbọ́n irin pẹlẹbẹ ló dára jù, torí ẹran kì í yí lára rẹ̀ nígbà tí a bá ń yí i padà.

Ẹ má fi kẹrosíìnì dáná, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé epo bẹntiróòlù sún mọ́ ibẹ̀. Agolo irin gíga tó ní ọwọ́ ìdìmú, tí wọ́n ń pè ní chimney starter kò wọ́n: ìwé ìròyìn méjì nísàlẹ̀, èédú lókè, ìṣẹ́jú 15 sí 20, ó ti tó. Ìgbà tí eérú funfun bá bo èédú òkè ni kí ẹ tó dà á, ẹ sì kó gbogbo rẹ̀ sí apá kan ààrò. Apá kejì ṣófo. Apá òfìfo yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ní, àìsí rẹ̀ ló sì ń fa itan adìẹ tó dúdú lóde tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ egungun rẹ̀. Súyà lọ sí etí apá gbígbóná, ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta fún ojú kọ̀ọ̀kan. Itan adìẹ bẹ̀rẹ̀ ní apá òfìfo, awọ rẹ̀ sókè, kí ẹ dé ààrò fún bí ìṣẹ́jú 35, kó tó lọ sórí ẹyín iná fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí awọ lè gbẹ. Ihò afẹ́fẹ́ tó wà lórí ìdérí, ẹ ṣí i, kó sì wà lọ́gangan orí ẹran. Ti ìsàlẹ̀ la fi ń dín ooru kù. Bí ọ̀rá bá kán sínú iná tí ọwọ́ iná sì là sókè, ẹ dé ààrò. Omi tí àwọn kan ń dà sí i máa ń gbé eérú lẹ̀ mọ́ ẹran ni.

Ọ̀rọ̀ tó ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé Yorùbá nìyí: àjọ Food Standards Agency, tó ń rí sí ààbò oúnjẹ níbí, ní ká má fọ adìẹ tútù. Omi ẹ̀rọ tó ń bà á ló ń ta kòkòrò Campylobacter sí ara síǹkì, sórí abọ́, sórí ewébẹ̀ tí a ò ní sè. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tí òórùn adìẹ bá ń yọ lẹ́nu lè fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ ra á nínú abọ́ jíjìn, láìṣí omi ẹ̀rọ, kó fi bébà nù ún, kó sì ju bébà náà nù. Ohun tó ń pa kòkòrò ni ooru: 70°C fún ìṣẹ́jú méjì, tàbí 75°C fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ ki abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n ooru bọ ibi tó nípọn jù, kó má kan egungun. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ omi tó ń jáde lára ẹran. Ó máa ń parọ́.

Wàyí o, wáìnì. Bí a bá wọ ṣọ́ọ̀bù ọtí, ohun tí wọ́n máa ń bi wá ni irú ẹran tí a fẹ́ jẹ. Ata ló yẹ kí wọ́n béèrè. Ẹran màlúù ọlọ́ràá tí a fi iyọ̀ nìkan sun, òfin àtijọ́ ṣì bá a mu: wáìnì pupa, fún àpẹẹrẹ Malbec láti Mendoza ní Ajẹntínà. Tannin inú wáìnì pupa wá láti ara èèpo àti kóró èso àjàrà, ó ń mú ẹnu gbẹ, ó ń fà á pọ̀ bí ìgbà tí a bá jẹ kajú tí kò pọ́n. Ọ̀rá àti iyọ̀ ara ẹran ló ń rọ̀ ọ́ lójú, ìdí nìyẹn tí àwọn méjèèjì fi ń dùn pọ̀.

Ata yí gbogbo rẹ̀ padà. Ibi tó ń gbọ́ títa ata lára ahọ́n ni ọtí náà ń ta jí, torí náà wáìnì oní 14.5% yóò kó iná lé iná ni. Tannin yóò tún gbẹ ẹnu tí ó ti ń jó. Ohun tí súyà fẹ́ ni ṣúgà díẹ̀, ọtí tí kò le, àti òtútù. Wáìnì funfun Riesling láti àfonífojì Mosel ní Jámánì, èyí tí wọ́n kọ Kabinett sí lára, ló bá a mu jù lọ nínú gbogbo ohun tó wà lórí àtẹ. Ẹ wo iye ọtí tó wà lẹ́yìn ìgò: bó bá jẹ́ 8 sí 9%, ṣúgà ṣì wà níbẹ̀, torí ìwúkàrà kò tíì jẹ ẹ́ tán. Bí wọ́n bá kọ trocken sí i, ṣúgà rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Vouvray demi-sec, wáìnì funfun tó dùn díẹ̀ láti Faransé, náà ń ṣiṣẹ́. Chenin Blanc, wáìnì funfun láti Gúúsù Áfíríkà, dára fún adìẹ tí ata rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ní ṣúgà, ọtí rẹ̀ sì máa ń tó 13%.

Ẹlẹ́mu kò nílò ẹ̀kọ́ yìí. Ẹmu òwúrọ̀ dùn, kò sì tíì le, ẹran oníata sì ń bá a lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ti ìrọ̀lẹ́ ti kan, ó ti le, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Èyí tí wọ́n rọ sínú ìgò kó wá sí London ti gba ooru kí ó má baà máa hó, kò sì jọ ti orí igi.

Ẹja Titus ní tirẹ̀ kò gba wáìnì pupa. Èròjà irin (iron) tó wà nínú wáìnì pupa ló ń mú kí òórùn ẹja tẹ̀lé e sí ọ̀fun. Ẹ mú wáìnì funfun tí kò dùn, Muscadet tàbí Vinho Verde ti àwọn Pọtogí. Ẹja náà, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi òróró pa á lára, kí irin sì gbóná gidigidi kó tó kàn án. Bó bá lẹ̀ mọ́ irin, kò tíì tó yí ni, ẹ má fi ipá já a.

Wáìnì funfun fẹ́ 8 sí 10°C. Pupa fẹ́ 16 sí 18°C, àmọ́ ẹ̀yìnkùlé lónìí gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú fíríìjì kò pọ̀ jù fún un. Bó bá gbóná, òórùn ọtí nìkan ni a ó máa gbọ́. Èyí tí a bá gbàgbé láti gbé sínú fíríìjì, garawa ló ń gbà á là: yìnyín, omi, àti ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ kan, ìgò dúró dé ọrùn, ìṣẹ́jú 20. Ẹ má yọ omi sílẹ̀, torí òun ló ń kan ara ìgò yíká. Ìgò oní mílílítà 750 ń fún wa ní ife márùn-ún. Àwọn tí kì í mu ọtí, zóbò tútù tí ṣúgà rẹ̀ kò pọ̀ ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ilé ìdáná àwọn ilé àtijọ́ níbí tóóró. Láti nǹkan bí ọdún 1940 sí 1949 ni ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àwòrán ilé ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà ti gbé òfin onígun mẹ́ta jáde: fíríìjì, síǹkì àti ààrò, kí àpapọ̀ ìrìn láàárín wọn wà ní mítà 4 sí 8. Ọjọ́ ẹran sísun fi igun kẹrin kún un, ìyẹn ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ẹran tútù gba apá kan kántà jáde, èyí tó jinná gba apá kejì wọlé, tiree méjì, ẹ̀mú méjì. Àwọn alásè ibí ń lo pákó ìgéran pupa fún ẹran tútù, àwọ̀ òféfèé fún ẹja, yẹ́lò fún ẹran tó jinná. Ó dára kí ilé náà ní méjì ó kéré tán. Kántà tó ga ju ìgúnpá lọ ń pa èjìká. Ó yẹ kó fi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Fáànù tó wà lókè ààrò sì ń jẹ́ ẹ̀tàn nígbà mìíràn: ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ní páìpù tó jáde síta, ó kàn ń sẹ́ èéfín ni, ó sì ń dá a padà sínú ilé. Ẹni tó ń dín ata lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè fún èyí tó ní páìpù síta kó tó sanwó.

Bí òjò bá dé lójijì, ẹ má gbé ààrò èédú wọlé, ẹ má gbé e sínú àgọ́, ìbáà tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó ti kú. Carbon monoxide ń jáde lára rẹ̀, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pani. Ẹran tó kù, ẹ parí rẹ̀ nínú ófùùn ní 180°C. Ẹ pa gbogbo ihò afẹ́fẹ́ ààrò, kó sùn mọ́jú, lọ́jọ́ kejì kí ẹ da eérú sínú garawa irin, kì í ṣe bíìnì oníke. Èédú tí kò jó tán, ẹ gbọn eérú ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ kó o sílẹ̀ de ìgbà mìíràn, ẹ kàn da tuntun mọ́ ọn.