33,550,336 gba ọjọ́ òní lọ́wọ́ mi

Ẹni tó bá kàn rí i á rò pé owó tí wọ́n ní ejò gbé mì ni. Rárá o, perfect number ni 33,550,336, ìkarùn-ún nínú wọn, 6, 28, 496 àti 8,128 ló ṣáájú ẹ̀.

Ẹ wo 6. Àwọn tó lè pín in láìṣẹ́kù, yàtọ̀ sí òun fúnra ẹ̀, ni 1, 2, 3, tẹ́ ẹ bá rò wọ́n pọ̀ 6 náà lẹ máa rí, ohun tó ń jẹ́ perfect number nìyẹn. 10 ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, 1, 2, 5, 8 péré. 12 tún ti sọdá, 16 ni tiẹ̀. Látayé Nicomachus, onímọ̀ ìṣirò Gíríìkì àtijọ́, ni wọ́n ti ń pín nọ́mbà sọ́nà mẹ́ta báyìí, èyí tí ò tó, èyí tó pọ̀ jù, èyí tó pé rẹ́gí.

Mo wá ní kí n fojú ara mi rí i, mo gbé bírò. Bí Euclid, onímọ̀ ìṣirò Gíríìkì míì, ṣe ṣe é nìyí, bẹ̀rẹ̀ láti 1, máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, 2, 4, 8, kó o máa ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ bó o ṣe ń lọ, ibi tí àròpọ̀ bá ti jẹ́ prime (nọ́mbà tó ju 1 lọ tó jẹ́ pé 1 àti òun fúnra ẹ̀ nìkan ló lè pín in láìṣẹ́kù), fi èyí tó o kọ gbẹ̀yìn táìmsì ẹ̀. Mo dé 4,096, àròpọ̀ jẹ́ 8,191. Ṣé prime ni? Kò sídìí láti wá a kọjá 90, torí 91 táìmsì 91 ti ju 8,191 lọ, Fermat, onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Faransé, sì ti gé wàhálà ẹ̀ kúrú: 8,191 jẹ́ 2 mẹ́tàlá tá a táìmsì ara wọn ká tó yọ 1, torí náà prime tó bá máa pín in, yọ 1 lára ẹ̀, 26 gbọ́dọ̀ pín ìyókù. 53 àti 79 nìkan ló kù nílẹ̀. 53 ṣẹ́ku 29, 79 ṣẹ́ku 54. Ó tán, prime ni, 4,096 táìmsì 8,191 sì jẹ́ 33,550,336.

Nọ́mbà 25 tó lè pín in láìṣẹ́kù, yàtọ̀ sí òun fúnra ẹ̀, ló wá kù tí mo máa rò pọ̀. 13 àkọ́kọ́, láti 1 dé 4,096, jẹ́ 8,191. 12 yòókù, láti 8,191 dé 16,775,168, jẹ́ 33,542,145. Mo fi 8,191 lé e, áà! 33,550,336 géérégé, mo pariwo débi pé wọ́n bi mí láti pálọ̀ pé ta ló gba góòlù.

Díjíìtì ẹ̀ fúnra ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rò ó pọ̀, 28 ni, perfect number míì (kòńgẹ́ lásán nìyẹn jàre). Àwọn ará àtijọ́ kan tiẹ̀ gbà pé iye díjíìtì kọ̀ọ̀kan ló ní perfect number tiẹ̀, irọ́, kò séyìí tó ní díjíìtì márùn-ún, mẹ́fà tàbí méje. Lọ́nà Euclid, 2,047 (àròpọ̀ láti 1 dé 1,024) ni ì bá gbé ọ̀kan wá ní díjíìtì méje, àfi bó ṣe jẹ́ pé 23 táìmsì 89 ni ọ̀gbẹ́ni yẹn, kì í ṣe prime.

Títí dé 2024, 52 ni wọ́n ti rí, gbogbo wọn ló ṣeé pín sí méjì. Èyí tó tẹ̀ lé tèmi yìí ni 8,589,869,056, ìyẹn di Sátidé.